Èjìká Kì Í Ga Ju Orí Lọ, Ṣùgbọ́n Apá Ń Ga Jù Ú

Ulé wa, Arámọkọ,
Ọjọ́ kejì ọjà.

Olúrẹ̀mí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Rárá.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú kíkí nítorí pé bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, inú mi á rọ̀, n kò sì fẹ́ kí inú mi rọ̀ lónìí. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lánàá lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́rì tó ń ti Ìbàdàn bọ̀. Orí ìdúró ni mo ti kà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí mo sá sóòrùn. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná, kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ìwọ àti Délé lè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé àwọn ará ilé Délé ní Ìjerò kò fẹ́ ìyàwó tó ń fọwọ́ kan ara ọkùnrin jẹun. O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn náà ni mo kọ sókè yẹn. Gbogbo ìyókù lẹ́tà yìí, àlàyé rẹ̀ ni.

Nísinsìnyí mo kí ọ. Ara mi le, ọmọ mi. Bí mo bá sọ pé ara mi le, o mọ ohun tí mo ń wí, nítorí ìwọ ni o mú un le. Ní kíláàsì àgbà tí mo ti kọ́ ìwé, wọ́n ní "ilé" ni kí n máa kọ, kì í ṣe "ulé". Wọ́n ní "iyán" ni, kì í ṣe "uyán". Mo ń pa òfin wọn mọ́ nígbà tí inú mi bá dùn. Bí o bá rí i tí mo kọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ nílé, má pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí wọ́n wá bá ọ rẹ́rìn-ín. Inú ló ń bí mi.

Kí lẹ́tà rẹ tó dé ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Bàbá Àgbà, ránṣẹ́ pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, òun ni olórí wa, o sì mọ̀ pé n kì í gbó o lẹ́nu. Ó ní àwọn àna wa ti ránṣẹ́ láti Ìjerò. Wọ́n gbọ́ pé ọkùnrin á bọ́ ẹ̀wù, á jókòó síwájú rẹ, ìwọ á sì máa wọ́ ọ léjìká. Wọ́n ní ṣé ìyàwó ni àwọn ń fẹ́ fún ọmọ àwọn, àbí ẹni tó ń wọ́ ọkùnrin lára kiri. Bàbá Àgbà ní òun rò ó síwá, òun rò ó sẹ́yìn, òun kò rí ẹ̀bi wọn. Ó ní obìnrin kì í tìtorí iṣẹ́ pàdánù ulé ọkọ. Ó wá fi òwe dì í, ó ní, "Èjìká kì í ga ju orí lọ."

Mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù kò bà mí. Òwe náà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, n kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín sí àgbàlagbà lójú. Nínú gbogbo òwe tó wà lẹ́nu Yorùbá, èjìká ni Bàbá Àgbà rí mú, èmi ni ó sì wá mú un wá bá. Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo padà sílé.

Jẹ́ kí n rán ọ létí èjìká mi, bóyá Ìbàdàn ti mú ọ gbàgbé.

Nígbà tí bàbá rẹ kú, wọ́n ní kí n fi oko kòkó ọ̀nà Ìlògbò sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tí yóò máa bá mi ká a. Wọ́n ní obìnrin kì í ká kòkó lórí igi, ilẹ̀ ló ti ń ṣà á. Mo mú ọ̀pá gígùn tí bàbá rẹ so ọ̀bẹ mọ́ lórí, mo wọ oko fúnra mi. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, ojú mi ń wo òkè, apá mi ń wo òkè, mo ń ká kòkó. Kòkó yẹn ló rán ọ lọ sílé-ìwé. N kò kábàámọ̀ èso kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún mi ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ìrora náà kò jọ ìrora tí mo mọ̀. Bí mo bá fi apá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí nǹkan kan. Bí mo bá ń gbé e sókè lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá ti dé ọ̀gangan àyà, á mú mi gbì. Bí mo bá wá fara dà á, tí mo ti apá kọjá ibẹ̀, tó lọ sókè pátápátá, ìrora á tún lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sọ mí di elẹ́tàn. Ìyálé ulé wa, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé apá tó ń dùn mí, báwo ló ṣe dé òkè? Wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí, pé n kò fẹ́ bá wọn gún uyán ìkórè. Èmi tí mo ń ká kòkó bí ọkùnrin, ọ̀lẹ!

N kò lè gún uyán mọ́ lóòótọ́. Ará Èkìtì tí kò lè gún uyán, kí ló kù tó ń jẹ́? N kò lè wọ búbà láìjẹ́ pé ẹnìkan bá mi fa apá rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ èmi àgbàlagbà kò tó pẹpẹ, kò sì wọ akèrègbè. Gèlè ló dùn mí jù. Obìnrin kò lè wé gèlè láìgbé ọwọ́ méjèèjì sókè orí. Mo di ẹni tó ń da ìborí lé orí lásán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tí òjò lé wọlé. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n gbà pé ó ń dùn mí, wọ́n ní làkúrègbé ni. Ní ìlú wa yìí, ohunkóhun tó bá ti ń ro ènìyàn láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, làkúrègbé ni. Ìyálé kan náà bú mi tán, àánú mi ṣe é. Ó mú ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́, ó fi di apá mi mọ́ àyà, ó ní ohun tó bá ń ro ènìyàn, ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Mo sinmi. Láti ìgbà tí à ń sun igbó títí òjò fi rọ̀ dáadáa, mo gbé apá mi bí ọmọ tuntun. Ọjọ́ tí a tú ọ̀já náà, apá kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ó ti gan. Nígbà tó tú díẹ̀, ìrora àtijọ́ náà ló bá padà wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú ọkùnrin kan wá láti Odò-Ọwà. Ẹni tó mọ eegun í tò ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ti to eegun ọ̀pọ̀ ọmọ tó jábọ́ lórí igi padà sípò. Ó wò mí, ó ní èjìká mi yẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti abíyá mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó fà á. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, gbogbo adìyẹ àgbàlá ló tú ká. Ohun tí kò yẹ̀ ni ó ń tò, Àbẹ̀kẹ́. Kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀.

Ìgbà náà ni o wálé fún ìsinmi, o ṣì ń kọ́ iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà ní orúkọ gígùn kan lédè Òyìnbó tí ahọ́n mi kò tíì gbé délé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń pè é. O kò fọwọ́ kàn mí nígbà àkọ́kọ́. O dúró sẹ́yìn mi, o ní kí n bọ́ búbà, kí n gbé apá méjèèjì sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tó ń mú mi, mo ké, o ní, "Ibẹ̀ ni, Màmá." O ní kí n ti apá kọjá ibẹ̀. Mo tì í, ìrora lọ, mo sì ń retí kí ìwọ náà pè mí ní elẹ́tàn. Dípò ìyẹn, o rẹ́rìn-ín, o ní bí ó ti yẹ kí ó rí gan-an nìyẹn, pé ìrora tó ní ibi tó ń gbé, ìrora tí a lè bá wí ni. Bí mo bá gbàgbé ohun gbogbo tí o ti sọ fún mi láyé, n kò ní gbàgbé èyí.

O jókòó, o ṣàlàyé fún mi. O ní orí eegun apá wà nínú èjìká bí ẹni tó ń gbé abẹ́ àjà kúkúrú, iṣan kan sì ń gba àárín òun àti àjà náà kọjá. Nítorí kíká kòkó, iṣan náà ti wú, àyè rẹ̀ sì ti há. Bí mo bá gbé apá sókè dé ìwọ̀n kan, eegun àti àjà á fún un mọ́ra. O ní bí ilẹ̀kùn bá há aṣọ ènìyàn, kì í fa aṣọ, ilẹ̀kùn ló ń ṣí. Mo wo ọkùnrin Odò-Ọwà nínú ọkàn mi, mo wo ọ̀já ìyálé, mo ní o ò wa puọ́ọ̀, o kò purọ́ rárá: ọ̀kan fa aṣọ, èkejì ti ilẹ̀kùn pa.

Mo ti yọ́ òrí sínú àwo dè ọ́. O gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. O ní o kò fẹ́ òrí, o kò fẹ́ àdí, o kò fẹ́ òróró kankan. Mo ní ṣé ahun ni wọ́n ń kọ́ yín n'Ìbàdàn ni? Ìgbà wo ni wọ́n ti ń wọ́ ènìyàn ní gbígbẹ? Ìyálé tó ń yọjú lójú fèrèsé ní ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan. O kò bínú. O ní bí epo bá wà níbẹ̀, ìka á máa yọ̀ lórí awọ, kò ní dé ibi tí iṣan wà. Ìka àti awọ gbọ́dọ̀ jọ rìn. O ní kí n jókòó, kí n mú ọwọ́ ọ̀tún lọ sẹ́yìn ìdí, kí iṣan náà lè yọ síwájú. O fi ìka ìfábẹ̀lá wá a kàn lábẹ́ ṣóńṣó èjìká, o gbé ìka àárín lé e lórí kí ó lè lágbára, o sì ń fi rá a. O kò rá a gba ọ̀nà tí iṣan gbà lọ bí gbogbo wa ti ń ṣe. O ń rá a kọjá, síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Mo bú ọ. Mo pe bàbá rẹ ní ibojì. O kò dúró, o ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó ṣe, ibẹ̀ kú típẹ́, kò dùn mí mọ́. O wá ní kí n sùn sórí ẹní, o ṣí apá mi díẹ̀ kúrò lára ìhà, o fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí eegun apá, o ń tì í lọ sísàlẹ̀ sí ọ̀nà ẹsẹ̀ mi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. O ní àyè lo ń wá fún iṣan. O yí mi dojú kọ ẹ̀gbẹ́, o kó ọmọ ìka sábẹ́ eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká, o ń gbé e lọ sókè, sísàlẹ̀, o ń yí i po. O ní eegun náà ti sùn, kò tẹ̀ lé apá mọ́ nígbà tí apá bá ń gòkè.

Kí o tó padà, o kọ́ mi ní tèmi. Kí n fa èjìká méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n bú tí kò gbà. Kí n di ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kí n fa okùn tí a so mọ́ ilẹ̀kùn. Kí n dúró ti ògiri, kí n jẹ́ kí ọmọ ìka máa gùn ún bí alángbá, kí n má sì fi agbára la ibi tó bá ti ń mú mi. O fi èédú sàmì síbi tí ìka mi dé. Ní gbogbo ìgbà tí o bá wálé, a tún sàmì mìíràn. Àwọn àmì náà ṣì wà lára ògiri yàrá mi, n kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹfun nu wọ́n. Èyí tó kẹ́yìn ga ju orí mi lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni mo mú gèlè, mo wé e fúnra mi, mo lọ jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sunkún níbẹ̀, àlùfáà rò pé ìwàásù rẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn.

Ó dára. Ìmọ̀ràn ló kù.

Èkínní, má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ sọ iṣẹ́ rẹ lórúkọ. Wọ́n ní wíwọ́ ara ni. Kí ló burú nínú wíwọ́ ara? Ta ni kò wọ́ ọmọ tuntun nínú wọn? Ìyá Délé wẹ Délé, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ sókè, ó gbà á. Ọwọ́ obìnrin ni gbogbo ọkùnrin Ìjerò ti kọ́ bí a ti ń na apá, kí wọ́n tó mọ̀ pé ọkùnrin ni àwọn. Ta ni wọ́n wá ń tijú fún? Bí ọkùnrin kan bá sì fi ojú mìíràn wo ọwọ́ rẹ, fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, pe nọ́ọ̀sì, kí o sọ fún un pé èjìká rẹ̀ ti san. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ "fún ìgbà díẹ̀ ná" tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi bínú ju ti àwọn àna lọ. N kò sọ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí fún ọ rí.

Kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, mo ń hun aṣọ. Òfì obìnrin ni, èyí tó ń dúró ti ògiri. Àwọn ènìyàn ń ti Ẹ̀fọ̀n wá ra kíjìpá mi. Nígbà tí mo dé ulé ọkọ, mo gbé òfì mi dání. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n ní ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, àlejò kò ríbi jókòó. Wọ́n ní kí n tú u fún ìgbà díẹ̀ ná, pé bí a bá kọ́ ilé tuntun, n ó tún un tò. Ọ̀rọ̀ wọn dùn, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó lù mí, kò sẹ́ni tó bú mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú okùn rẹ̀, mo kó igi rẹ̀ sí àjà. Nígbà tó ṣe, wọ́n ń wá igi tó tọ́ fún ilé ewúrẹ́. A kọ́ ilé tuntun lóòótọ́. Mo lọ wá igi òfì mi, ewúrẹ́ ti ń fi ara ha á.

Bàbá rẹ fẹ́ràn mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn mi, òfì mi sì di ilé ewúrẹ́. Nǹkan méjèèjì lè jọ ṣẹlẹ̀ nínú ulé kan náà. Kò sí ọ̀rọ̀ tó gùn bí "díẹ̀ ná" nínú gbogbo èdè wa. Apá tí a dì mọ́ àyà fún ìgbà díẹ̀, o rí ohun tó dà. Ọwọ́ rẹ náà, bí o bá fi í sílẹ̀ lọ́dún kan, lọ́dún méjì, ìka rẹ á gbàgbé bí a ti ń wá iṣan kàn lábẹ́ awọ. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ mi pé ìsinmi kì í ṣe oògùn ohun gbogbo.

Ẹ̀kẹta, wá ibi tó ti ń dùn ọ́ gan-an. O kọ̀wé pé "àwọn ará Ìjerò" kò fẹ́. Làkúrègbé nìyẹn. Ta ni nínú àwọn ará Ìjerò? Ṣé Délé ni, àbí bàbá Délé? Mo ka lẹ́tà rẹ ní àkàtúnkà, n kò rí ibi tí o ti kọ ohun tí Délé sọ. Ẹ̀rù ló bà ọ́ láti bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ti lọ bá ọ bi í.

Má kígbe. Mo ti lọ, mo sì ti dé, kí lẹ́tà rẹ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo wọ lọ́rì ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà Ìjerò, n kò sọ fún Bàbá Àgbà. Wọ́n gbà mí dáadáa. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n gún uyán fún mi, mo jẹ ẹ́ tán kí n tó la ẹnu, nítorí a kì í bá uyán jà. Bàbá Délé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní àwọn kò sọ pé ọmọ mi kò dára, ẹnu ayé ni àwọn ń sá fún. Mo ní ẹnu ayé kò bá mi ká kòkó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ti níṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, tó tún ń pàṣẹ fún ọkùnrin pé bọ́ ẹ̀wù, jókòó, dìde, yóò ṣòro fún un láti wà lábẹ́ ọkọ. Ó wá fà á yọ, òwe kan náà: èjìká kì í ga ju orí lọ. Mo mọ̀ nígbà náà pé Bàbá Àgbà yá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Mo yíjú sí Délé. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nínú aṣọ tíṣà rẹ̀, ó ń wo bàtà. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ lo ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀?"

Ó ní, "Màmá, n kò sọ pé kó fi í sílẹ̀. N kò kàn sọ pé kó má fi í sílẹ̀ ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òótọ́ ló sọ, ìtìjú sì mú un bó ti ń sọ ọ́. N kò fi ìyẹn kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n o rí ibi tí ìrora rẹ ń gbé báyìí. Ibẹ̀ ni kí o fi ìka lé.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n kó uṣu fún mi bí a ti ń ṣe fún àna, wọ́n kó o kún agbọ̀n bámúbámú. Délé sáré dìde kí ó bá mi gbé e rù. Bàbá rẹ̀ náà ti ń pe àwọn ìyàwó ulé. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo yí sí bàbá Délé, mo kúnlẹ̀ fún un dáadáa, mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Èjìká kì í ga ju orí lọ. Ṣùgbọ́n èjìká kọ́ ló ń gbé ẹrù dé orí. Apá ni, apá sì ń ga jù ú."

Mo di òṣùká, mo fi lé orí. Mo gbé agbọ̀n náà lé itan, mo mí, mo fa èjìká mi méjèèjì sẹ́yìn bí o ti kọ́ mi. Mo gbé e kọjá àyà. Ibẹ̀ ni ó máa ń mú mi nígbà kan. Kò mú mi. Mo gbé e kọjá ojú, mo gbé e lé orí òṣùká, mo na apá méjèèjì sókè láti mú un dúró, mo sì jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn. Mo sọ fún wọn pé apá yìí, n kò lè fi wé gèlè nígbà kan, ọmọ tí wọ́n ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló fún mi padà. Ìyá Délé ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun rò tẹ́lẹ̀ pé Arámọkọ kò lóbìnrin. Ó sìn mí dé ìdí lọ́rì.

N kò mọ ohun tí wọ́n á ṣe, n kò sì ní purọ́ fún ọ. Wọ́n lè ránṣẹ́ pé àwọn kò ṣe mọ́. Jẹ́ kí wọ́n ránṣẹ́. Bàbá Àgbà ti gbọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, "hùn" ló ń dá mi lóhùn. N ó máa kúnlẹ̀, òun náà á máa ṣe "hùn", ọjọ́ kan á rẹ̀ ẹ́.

Ìwọ kọ̀wé sí Délé. Má bẹ̀ ẹ́, má bú u. Bi í ní ìbéèrè kan: ṣé yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí o má fi iṣẹ́ sílẹ̀? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, fẹ́ ẹ, ọmọlúàbí ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá tún ń wo bàtà, jẹ́ kó máa wò ó, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Aṣọ kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo èyí tí mo hun lórí òfì mi, aláró ni, kò nípọn. Mo ti gé gèlè rẹ lára rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, ọ̀dọ̀ ẹni yòówù kó jẹ́, èmi ni mo fẹ́ wé e fún ọ. O ga jù mí, o sì mọ̀ pé o kì í bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá máa wé e, apá mi méjèèjì gbọ́dọ̀ gòkè kọjá orí mi pátápátá, kí wọ́n sì dúró níbẹ̀ títí tí yóò fi jókòó dáadáa. Wọ́n á dúró. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wá ẹlòmíràn tí yóò wé gèlè fún ọ. N kò ní gbé ọwọ́ tí o wò sàn sókè láti fi dì ọ́ bí ìyálé ti di apá mi.

Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Lọ́jọ́sí, èmi ìyá ni mo ṣípá, ìwọ ọmọ lo gbé mi. Bí o ti ń ka lẹ́tà yìí, apá mi tún wà lókè dè ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Bó bá di ọ̀la, máa lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ ní ulé, tó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ èyí láti òkè délẹ̀.